Wọ́n Dá Ẹjọ́ Carol ní Kuje

Nítorí obìnrin òyìnbó kan tó ń jẹ́ Carol ni Ìyá Ẹlẹ́kọ àti Sájẹ́ǹtì kò fi kí ara wọn mọ́ nínú ilé yìí. Carol ọ̀hún kò gbé Kuje o, kò dé Nàìjíríà rí, kódà kò sí láyé. Inú fíìmù ni wọ́n ti ń rí i. Ẹ ṣáà má sọ pé èmi ni mo sọ. Ẹ sún mọ́bí, ẹ bá mi fa ilẹ̀kùn yẹn dé díẹ̀, nítorí ìyàwó Pásítọ̀ wà nídìí ààrò, etí obìnrin yẹn a máa gbọ́ ohun tí èèyàn ò tíì rò.

Ẹ mọ̀ pé oríṣiríṣi ẹ̀yà ló kún ilé wa. Bàbá onílé, ọmọ Gbagyi ni. Kí ìjọba ológun tó fọwọ́ sí i ní 1976 pé ibí ni olú ìlú tuntun yóò wà, oko baba wọn ni gbogbo ibi tí ẹ ń wò yìí. Ìyàwó rẹ̀ àgbà ṣì ń gbé igi ìdáná lé èjìká dòní. Mo bi í léèrè rí pé kí ló dé tí kì í rù ú, ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní ṣé orí mi ni mò ń fi ru ẹrù ni? Mo dákẹ́. Sájẹ́ǹtì, ará Ọ̀fà ni, ó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ológun. Ìyá Ẹlẹ́kọ, Ìjẹ̀bú. Ìyá Alámáásà tó wà ní yàrá ìgbẹ̀yìn, Gwoza ní Borno ló ti wá, ẹ ó gbọ́ tirẹ̀ láìpẹ́. Ọmọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe ló ni tẹlifíṣọ̀n ńlá. Òun ló rọ fíìmù náà sínú fláàṣì, tó ní kí gbogbo wa máa wá wò ó lálẹ́, kí á máa dá owó pẹtiróòlù jẹnẹrétọ̀. Yípo ni à ń dá a. Ó kan ẹnì kan lónìí, ó kan ẹlòmíì lọ́la.

The Walking Dead ni wọ́n ń pe fíìmù ọ̀hún. Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2010, wọn kò parí ẹ̀ títí di 2022, abala 177! Ta ló bí wọn? Òkú ń dìde, òkú ń rìn, òkú ń bu alààyè jẹ, ẹni tí wọ́n bá sì bù jẹ á kú, á dìde, á dara pọ̀ mọ́ wọn. Nígbà àkọ́kọ́, ẹ̀rín ni mò ń rín. Mo ní òkú tiwa kì í hùwà bẹ́ẹ̀. Ṣé ẹ mọ àkúdàáyà? Ó kú ní Ìkirè, ó lọ fẹ́yàwó ní Kano, ó bímọ, ó ń tajà, ó ń san gbèsè, ọjọ́ tí ará ilé rí i lọ́jà ló pòórá. Ta ló bù jẹ? Kódà bó ṣe rí nínú fíìmù Aníkúlápó tí Kúnlé Afọláyan ṣe ní 2022, tí ẹyẹ Àkàlà jí òkú Sàró dìde, obìnrin àti owó ló kó Sàró sí wàhálà, kì í ṣe ẹran ara ènìyàn. Ọmọ alátùn-únṣe fóònù ní irọ́ ni mò ń pa, pé àbúrò Kúnlé yẹn gan-an, Gabriel, ló ṣe olórí eré nínú fíìmù Ojuju tí C.J. Obasi gbé jáde ní 2014. Àdúgbò tálákà kan l'Ékòó ni, omi kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń mu, omi náà bàjẹ́, ẹni tó bá mu ún á yí padà, á máa lé èèyàn kiri. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń wo mẹ́ruwà tó ń bá wa gbé omi wá pẹ̀lú ìfura. Mo ní kí ó kọ́kọ́ mu díẹ̀ níbẹ̀ kí n tó sanwó. Ó ní orí mi ti dàrú.

Ẹ jẹ́ n padà sórí Carol. Àwọn tó ṣẹ́ kù láyé lọ gba ọgbà ẹ̀wọ̀n kan, wọ́n ń gbé inú rẹ̀ nítorí ògiri rẹ̀ ga. Àìsàn kan wọlé tọ̀ wọ́n, wọ́n ń wúkọ́, ẹ̀jẹ̀ ń jáde, ẹni tó bá kú nínú ilé á dìde pa àwọn tó ń sùn. Èèyàn méjì wà nínú àwọn tó kó o, Karen àti David. Wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀. Carol wọlé lọ bá wọn, ó pa àwọn méjèèjì, ó wọ́ òkú wọn sí gbangba, ó dáná sun wọ́n, kí àìsàn má baà ràn. Àìsàn náà ràn náà ni! Nígbà tí Rick tó jẹ́ olórí wọn mọ̀, kò pa á, kò nà án. Ó fi mọ́tò gbé e jáde, ó fún un ní oúnjẹ, ó ní kó máa lọ, kó má padà.

Ibí ni ilé ti gbiná. Sájẹ́ǹtì ní Rick ló yẹ kí wọ́n lé. Ó ní ẹni tí kò lè pa méjì kó lè gba ogún là, kó lọ máa ta gúgúrú. Ìyá Ẹlẹ́kọ fò dìde: “Ikọ́ ni wọ́n ń wú, Sájẹ́ǹtì! Ikọ́ lásán! Ta ni kì í wúkọ́?”

Ohun tí ẹ̀yin ò mọ̀ ni pé ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ ni obìnrin yẹn ń sọ. Ní 2020, nígbà kòrónà, ibòmíì ni wọ́n ń gbé. Ọkọ ń wúkọ́, àwọn ará ilé wọn fi bẹ́ńṣì dí ẹnu ọ̀nà wọn láti ìta, wọ́n ń ju omi inú ọ̀rá wọlé fún wọn láti ojú fèrèsé. Ìgbà tí wọ́n jàjà dé ọsibítù, ikọ́ ife ni wọ́n bá lára rẹ̀. Ó lo oògùn oṣù mẹ́fà, ó yá. Òun náà ló ń fọn fèrè mọ́tò lẹ́nu géètì láràárọ̀ tí kì í jẹ́ kí n sùn. Nítorí náà, bí Ìyá Ẹlẹ́kọ bá rí Karen, bẹ́ńṣì ló ń rí.

Sájẹ́ǹtì náà ní tirẹ̀. Ó ti jagun ní Borno. Kì í sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí táyà bá bẹ́ lójú pópó, ẹ̀ẹ́ rí bàbá ńlá yẹn á dojú bolẹ̀ gbalaja, á sì dìde, á gbọn sòkòtò rẹ̀, á ní òun ń wá kọ́kọ́rọ́.

Ṣé ẹ rántí alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 5 oṣù Keje, 2022? Ẹni tó bá gbé Kuje kò ní gbàgbé. Nǹkan bí aago mẹ́wàá, gbòlà! Ilẹ̀ mì. Gbòlà! Ìbọn tẹ̀ lé e. Àwọn agbésùnmọ̀mí ISWAP ló wá fọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Kuje. Àwọn aláṣẹ ẹ̀wọ̀n sọ lẹ́yìn náà pé ẹlẹ́wọ̀n 879 ló sá jáde. Mínísítà ètò ààbò ní àwọn tí wọ́n fura sí pé wọ́n jẹ́ Boko Haram, bíi 64, lọ pátá. Òṣìṣẹ́ Sífú Dìfẹ́ǹsì kan kú síbẹ̀. Arẹ́gbẹ́ṣọlá tiwa ló jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé tí ẹ̀wọ̀n wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà, ẹ lè fojú inú wo bí àwọn aládùúgbò ṣe ń bi èmi ọmọ Ọ̀ṣun léèrè ọ̀rọ̀, bí ẹni pé èmi ni mo di kọ́kọ́rọ́ mú. Wọ́n ní Abba Kyari, ọlọ́pàá ńlá yẹn tí wọ́n tì mọ́ ibẹ̀, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, kò lọ. Ìyẹn gba ọgbọ́n. Èmi abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mo wà. Ibẹ̀ ni mo ti fọwọ́ kan bàtà ọkùnrin. Pásítọ̀ ni! Pásítọ̀ tó ń pe iná sọ̀kalẹ̀ ní gbogbo àṣálẹ́ Jímọ̀! A ò tíì jọ sọ bó ṣe débẹ̀. Ẹ rí i pé mo ní ìdí tí mo fi ní kí ẹ ti ilẹ̀kùn.

Ilẹ̀ mọ́. Gbogbo ìlú ń wá ẹlẹ́wọ̀n. Àwọn ọmọ àdúgbò rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ilé tí wọn ò tíì kọ́ tán lẹ́yìn wa. Aṣọ rẹ̀ ya, eruku bò ó látorí dẹ́sẹ̀, ó ń tiro, wọ́n bi í léèrè orúkọ, ó ń ṣe “ẹ, ẹ, ẹ”. Bí ẹ bá rí àwọn òkú inú fíìmù yẹn, bó ṣe ń rìn gan-an nìyẹn. Wọ́n gbé táyà wá. Ta ló gbé ìgò kẹrosíìnì jáde láti inú yàrá rẹ̀? Ìyá Ẹlẹ́kọ. Ẹ̀ẹ́ ya ẹnu. Ìyá Ẹlẹ́kọ tó ní kí Carol má pa aláìsàn! Ó ń sunkún, ó ń wá ìṣáná. Ta ló wọ àárín èrò, tó jókòó sínú táyà pẹ̀lú ọmọ yẹn, tó ní bí wọ́n bá fẹ́ sun ún kí wọ́n sun òun mọ́ ọn? Sájẹ́ǹtì. Sájẹ́ǹtì ‘pa méjì gba ogún là’.

Lébìrà ni ọmọ náà jẹ́. Ibi tó ń bá wọn kọ́lé náà ló ń sùn. Ìbọn ti dá ẹ̀rù bà á débi pé ó já bọ́ látorí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ahọ́n rẹ̀ sì so. Ó jẹ ẹ̀kọ nílé wa lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀kọ ta ni? Ẹ má bi mí.

Kò sẹ́ni tó dárúkọ ọ̀rọ̀ yẹn mọ́ láti ìgbà náà. A kàn pa á mọ́ra ni. Àfi alẹ́ tí wọ́n ń dá ẹjọ́ Carol, tí Ìyá Ẹlẹ́kọ nàka sí Sájẹ́ǹtì lójú, tó ní ọwọ́ rẹ̀ kún fún ẹ̀jẹ̀, pé ìdí nìyẹn tó fi ń gbè fún apànìyàn. Sájẹ́ǹtì kò pariwo. Ó ní, “Ìyá, ìgò kẹrosíìnì ta ni?” Ó tán. Obìnrin náà gbé àpótí ìjókòó rẹ̀, ó wọlé. Èyí tí wọ́n ń sọ káàkiri pé nítorí àwo ẹ̀kọ tí kò sanwó ni, irọ́ ni. Lójú tèmi, kò sẹ́ni tó dá ẹjọ́ Carol lálẹ́ yẹn. Sájẹ́ǹtì mọ ohun tí pípa èèyàn jẹ́, ó ń fi ẹnu rẹ̀ bò ó. Ìyá Ẹlẹ́kọ mọ bó ṣe kù díẹ̀ fún òun náà, ó ń wá ẹlòmíì tí yóò dì í rù.

Ìyá Alámáásà kò dá sí i. Òun ti bínú jáde ṣáájú, níbi abala tí bàbá àgbẹ̀ kan, Hershel, ti àwọn òkú alárìnká mọ́ inú àká, tó ń ju adìyẹ sí wọn, tó ní wọn ò kú, ara wọn ni kò dá. Ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹnì kan já àgádágodo, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yìnbọn fún wọn bí wọ́n ṣe ń jáde. Ẹni tó jáde kẹ́yìn ni Sophia, ọmọdébìnrin tí gbogbo wọn ti ń wá nínú igbó látọjọ́ yìí. Ọmọ Carol ni! Carol kan náà. Bí Ìyá Alámáásà ṣe rí ọmọ yẹn, ó dìde, ó ní epo ń jóná.

Epo kankan kò jóná. Nígbà tí Boko Haram gba Gwoza ní oṣù Kẹjọ 2014, wọ́n pa ọkọ rẹ̀, wọ́n sì kó àbúrò rẹ̀ lọ, ọmọkùnrin tí kò tíì hu irùngbọ̀n. Kò tíì gbúròó rẹ̀ dòní. Bí rédíò bá ti ń sọ pé ìjọba tú àwọn Boko Haram tó ronúpìwàdà sílẹ̀ láti ibùdó Mallam Sidi ní Gombe, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ wọn níṣẹ́ ọwọ́ láti 2016, gbogbo ilé á máa pariwo pé kí wọ́n pa wọ́n dànù. Èmi náà ń pariwo. Òun á dá ọwọ́ máásà dúró, á fetí sílẹ̀. Nígbà tí àwọn aláṣẹ ẹ̀wọ̀n gbé àwòrán àwọn afurasí tó sá ní Kuje jáde, ó gba fóònù ọmọ alátùn-únṣe, ó ń wò wọ́n níkọ̀ọ̀kan, ó ń fi ìka fẹ ojú wọn tóbi. Mo rò pé ẹ̀rù ló ń bà á ni. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé àbúrò rẹ̀ ló ń wá.

Mo bi í pé bó bá rí i ńkọ́? Ó ní, “Àwọn tó pa ọkọ mi, kí Ọlọ́run pa wọ́n.” Ó da epo sí agbada. “Tèmi, kí wọ́n gbé e wá fún mi. Èmi ni màá kọ́kọ́ gbá a létí. Kí ẹlòmíì má fọwọ́ kàn án.” Mo ní ìyẹn kò bára mu. Ó ní ṣé èmi fẹ́ ra máásà ni àbí mi ò rà?

Pásítọ̀ ní tirẹ̀ wà lẹ́yìn Morgan, ọ̀gbẹ́ni tó ń fi ọ̀pá jà, tó ní gbogbo ẹ̀mí ló ṣe iyebíye. Ó fi wàásù ní Sọ́ńdè méjì. Nígbà tí Morgan padà sídìí pípa èèyàn, Pásítọ̀ ní ojú ń dun òun, kò wá wò ó mọ́.

Lánàá wàyí, a dé ibi Negan. Ìkà ni. Ó ti fi igi lu Glenn pa lójú ìyàwó rẹ̀ Maggie. Rick bá a jà, ó fi gíláàsì ya á lọ́fun, ó wá ní kí wọ́n ran ọrùn rẹ̀, kó má kú, nítorí ọmọ rẹ̀ Carl bẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ kó tó kú. Maggie ń ké pé kí wọ́n jẹ́ kó kú. Rick ní rárá o, ẹ̀wọ̀n ni yóò wà títí ayé.

Ilé pa lọ́lọ́. Sájẹ́ǹtì ní ta ni yóò máa ṣọ́ ọ? Ìyá Ẹlẹ́kọ, láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀, tó ní òun kò wo fíìmù mọ́, ní ta ni yóò máa bọ́ ọ? Ìyá Alámáásà ní kí Maggie máa gbé oúnjẹ fún un, kó máa jókòó tì í títí yóò fi jẹ ẹ́ tán. Sájẹ́ǹtì ní májèlé ńkọ́? Ó ní ìyẹn wà lọ́wọ́ Maggie. Bàbá onílé tí kì í sọ̀rọ̀ wá gbé ohùn sókè láti orí àga rẹ̀: “Ibikíbi tí wọ́n bá tì í mọ́, kí wọ́n má ṣáà gbé e wá sí Kuje o.”

A rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú. Orí ẹ̀rín yẹn ni a wà tí jẹnẹrétọ̀ fi kọ́, tó kú. Pẹtiróòlù ti tán. Wọ́n ní ta ló kàn? Èmi ló kàn. Kí wọ́n tó tan tọ́ọ̀ṣì, mo ti ń hanrun.