Ẹ Bá Mi Ki Akọ̀wé Gedú

Ẹ pa ẹ̀rọ ìlagi ná, ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú-Igbó. Mo fẹ́ ki akọ̀wé mi bó ti yẹ ẹ́. Ẹni tó bá wá ra pákó, kó rọra jókòó. Ẹni tí mo fẹ́ kì gan-an kò tíì dé.

Aago mẹ́wàá kọjá. Ó ń bọ̀!

Ẹlẹ́rìn-ín Ẹ̀yẹ!
Ọmọ a-pẹ́-kó-tó-dé-bí-ẹni-tó-jí-ṣáájú-àkùkọ.
A-kí-tọmọdé-tàgbà kó tó rántí kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì.
Ọmọ a-kọ-2x3-sílẹ̀-kó-di-2x4,
A-ka-ogójì-pákó-kó-ku-méjìdínlógójì,
tí oníbàárà á tún máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Òṣùbà rẹ rè é! Bí ọkọ̀ bá gbé gedú arère àti afàrà dé láti oko, o mọ orúkọ awakọ̀, o mọ iye ọmọ tó bí, o mọ èyí tí ikọ́ ń dà láàmú nínú wọn. Iye gedú tó sọ̀kalẹ̀ nìkan ni o kò mọ̀.

Láti 1982 tí wọ́n ti dá yunifásítì sílẹ̀ ní Àgọ́-Ìwòyè, tó ṣì ń jẹ́ ti Ìpínlẹ̀ Ògùn, kó tó di Ọlábísí Ọnàbánjọ ní 2001, àwọn èèyàn ò yéé kọ́lé táwọn akẹ́kọ̀ọ́ á gbé. Ọ̀kan nínú àwọn onílé yẹn sanwó pákó, kò rí pákó. Òkè-Àgbò ni o ní kí wọ́n já a sí, torí pé ìyá oníkọ́kọrẹ́ kan wà níbẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ dùn. Baba náà ru dé bí ìjì. Ìgbà tó máa lọ, ó ti pè ọ́ síbi ìkómọ. Èmi tí mo dá owó rẹ̀ padà, kò pè mí.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ẹbí rẹ, kó wọkọ̀ lọ sí Ogun Waterside, kó dé Ìwópin. Ìjọba àpapọ̀ kọ́ ilé-iṣẹ́ ìwé síbẹ̀, wọ́n gbin igi mẹ́línà sínú igbó Omo kó má bàa wá oúnjẹ tì. Igi dàgbà, ilé dúró, a ṣì ń retí ìwé. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ wu èèyàn lọ́ọ̀ọ́kán!

Mo yẹ òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa wò nítorí rẹ. Ó ní ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ọdún 2 tí kò tíì pé 5, ọ̀sẹ̀ 2 ni kí á fi sọ fún un ṣáájú kó tó lọ. Tó bá ti pé ọdún 5, oṣù 1. Kò sí ibi tí òfin náà ti sọ iye oṣù tí ọ̀gá máa fi gbọ́ ẹ̀bẹ̀ tí àwọn ìyálọ́jà ń bẹ̀ fún ọ.

Ẹnì kan wà tí wọn kì í kì. Òun ló ń ti gedú sábẹ́ ayùn, tí eruku pákó bo ìpéǹpéjú rẹ̀, òun náà ló sì ń tún pákó kà lẹ́yìn rẹ. Kì í rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó bá a bẹ ọ̀gá rí. Owó tó yẹ kó kún tirẹ̀, inú ẹ̀rín rẹ ló ń wọ̀ lóṣooṣù.

Ẹlẹ́rìn-ín Ẹ̀yẹ, ọmọ a-gbàwé-ìkìlọ̀-bí-ẹni-gbàwé-oyè! Lọ́jọ́ Ẹtì tí mo kọ tìrẹ fún ọ, o kà á sókè létí àwọn oníbàárà, ohùn rẹ dùn ju ti oníròyìn rédíò lọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìyá oníkọ́kọrẹ́ ní ẹni tó kọ ọ́ mọ̀wé. O wá yá báírò mi pé kí o fi buwọ́ lù ú.

Jọ̀ọ́, báírò náà dà?