Ahun Ẹlẹ́ja Àti Àpótí Asẹ́ Omi

Àwọn tí ń sin kòì, ìyẹn ẹja aláràbarà tí àwọn àgbẹ̀ agbègbè Niigata ní ilẹ̀ Jàpáànì bẹ̀rẹ̀ sí í yan ìran rẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, a máa ná owó gọbọi lórí ẹja láìwẹ̀yìn, ṣùgbọ́n wọn a di ahun bí ọ̀rọ̀ bá kan àpótí asẹ́ omi. Asẹ́ yìí jẹ́ àpótí tí a tò lé orí ara wọn, tí a lu ní ihò nídìí, tí ẹ̀rọ ń fa omi adágún gòkè dà sí, kí omi náà lè máa kán gba àárín amọ̀ sísun kọjá, níbi tí kòkòrò àìfojúrí ti ń sọ amóníà tí ẹja tú jáde di ohun tí oró rẹ̀ kéré.

Ike ìkáṣọsí ni ọ̀pọ̀ wọn kọ́kọ́ ń sáré mú, nítorí pé kò wọ́n. Àmọ́ nígbà tí lítà omi kan wọ̀n kìlógíráàmù 1, tí amọ̀ tún wà nínú rẹ̀, ikùn ike náà yóò yọ síta bí ti baálé tó jẹyán tán, oòrùn yóò sì mú kí ó máa sán. Garawa onísíńkì burú jù, nítorí síńkì a máa yọ́ sínú omi, ó sì ń pa ẹja. Irin tí kì í dípẹtà dára púpọ̀. Owó rẹ̀ nìkan ni kò dára. Nípa bẹ́ẹ̀, ike dúdú tó nípọn, irú èyí tí a fi ń kó oúnjẹ, ló kù, bí ìyàwó ilé kò bá tíì máa wá a.