Mo Fi Ọyẹ́ Jos Yangàn

Ẹni tó bá ń gbé Tudun Wada ní Jos lásìkò ọyẹ́ kì í ra fáànù, bùláńkẹ́ẹ̀tì ló ń rà. Jos ga tó nǹkan bíi mítà 1,200 sí ìpele òkun, òtútù ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Èmi náà wá gbà pé láptọ́ọ̀pù ò lè gbóná níbi tí àwa èèyàn ti ń gbọ̀n.

Iṣẹ́ fídíò ìgbéyàwó ni mo gbà. Ẹ̀rọ mi á sáré díẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́lẹ̀. Mo wádìí, mo rí i pé wọ́n ti fi òdiwọ̀n sí iná tí processor rẹ̀ lè máa jẹ. Wáàtì 15 ni tí iṣẹ́ bá pẹ́, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní PL1. PL2 ló ń fún un láyè láti kọjá bẹ́ẹ̀ fúngbà díẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá 28 lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ. Mo ní ahun ló ṣe é. Mo fi áàpù kan tó ń jẹ́ ThrottleStop sọ PL1 di 45.

Ìyàwó mi ké láti yàrá: "Bàbá Ìbejì, ṣé wọ́n ti mú iná ni? Kí ló dé tí ẹ tan jẹnẹrétọ̀ sínú ilé?"

Fáànù láptọ́ọ̀pù ló gbọ́. Ooru ti dé 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius, processor sì dẹ eré fúnra rẹ̀ kó má baà jóná. Iṣẹ́ wá pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo gbé ẹ̀rọ sójú fèrèsé kí ọyẹ́ lè fẹ́ ẹ. Eruku ọyẹ́ ló kún inú fáànù.

Wọ́n ní téèyàn bá dín fóltéèjì processor kù díẹ̀, ooru á rọlẹ̀, eré ò sì ní dín. Díẹ̀ yẹn ni mi ò gbọ́. Tí mo bá ń ka WhatsApp, wàhálà kankan ò sí. Àmọ́ bí fídíò ṣe kù díẹ̀ kó parí, iṣẹ́ wọ processor lára, fóltéèjì ò tó o, ojú ẹ̀rọ di búlúù, gbogbo rẹ̀ sì kú.

Ọmọkùnrin tó ń tún láptọ́ọ̀pù ṣe ní Terminus tú u, ó fẹ́ eruku jáde, ó dá fóltéèjì padà, ó sì fi PL1 sí 18.

"Ẹ̀gbọ́n, afẹ́fẹ́ ìlú yìí tutù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó fúyẹ́ nítorí òkè tá a wà. Ooru tó ń bá fáànù jáde kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ibi tí ooru lè jáde dé ni kí ẹ bu wáàtì dé."

Fídíò náà jáde, kò sì dá dúró lójú ọ̀nà. Ìgbà tí mo fi máa gbé e dé ilé ìyàwó tuntun, aṣọ ọmọ ló ń sá.