Lẹ́tà ṣíṣí sí àbúrò mi, Mai Kifi ti Fadikpe

Àbúrò mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo sì kí ẹja rẹ. Ká sòótọ́, ẹja ló yẹ kí n kọ́kọ́ kí, torí nígbà tí mo wá wò ọ́ ní Minna nínú oṣù kẹta, òun ló dá mi lóhùn jù. Ìwọ kọjú sí kọ̀ǹpútà, òun kọjú sí mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kọ ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí ọ lórí fóònù, àwòrán àtàǹpàkò kan ṣoṣo lo fi ń dá mi lóhùn. Ó dáa. Mo ti gbé e jáde sí gbangba báyìí, kí àwọn tó gbé àwo ẹja ka tábìlì bíi tìrẹ lè bá ọ pín nínú ìtìjú náà.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú mi rí. Mo wọ mọ́tò ní Ìlọrin, a gba Jẹ́bà, a gba Mokwa, a gba Bida, mo sọ̀ ní Kpakungu, oòrùn sì ń ta bí ẹni pé wọ́n ti sọ fún un pé mo ń bọ̀. Kẹ̀kẹ́ gbé mi dé Fadikpe. Mo béèrè ilé ayàwòrán-ilé, ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ọ́n. Mo ní ọmọ Yorùbá kan tó kàwé ní FUT, wọ́n ní àwọn yẹn pọ̀. Mo wá ní ẹni tó ń sin ẹja nínú dígí. Àwọn ọmọdé fi igbe ta: "Mai Kifi!" Wọ́n sìn mí dé ẹnu ọ̀nà rẹ bí ìyàwó. Ìyá Gbagyi kan tó gbé igi ìdáná lé èjìká tilẹ̀ ní kí n bá òun béèrè bóyá tútù lo ní tàbí gbígbẹ. Ọdún márùn-ún gbáko lo fi wá ìwé ẹ̀rí. Ẹja tí kò gùn ju ìka ọwọ́ mi lọ gba orúkọ mọ́ ọ lọ́wọ́ láàrin oṣù méjì.

Mo wọlé. Lórí tábìlì, láàrin kọ̀ǹpútà àti ife tíì, mo rí àwo dígí roboto kan tí kò ju igbá tí Màmá fi ń mu ògì lọ. Òkúta wẹ́wẹ́ aláwọ̀ búlúù tẹ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ilé ìṣọ́ òyìnbó oníke kan dúró láàrin, òdòdó oníke aláwọ̀ osùn sì yọrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹja náà fúnra rẹ̀ rẹwà, mi ò lè jiyàn. Ó pupa bí ẹ̀jẹ̀, ìrù rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́ bí apá agbádá ọkọ ìyàwó. Ṣùgbọ́n agbádá tóbi ju yàrá lọ. Bó bá yí padà lẹ́ẹ̀kan, ìrù rẹ̀ á fi ara kọ́ ilé ìṣọ́. Bó bá tún yí, á kan òdòdó. Mo ní, "Kí lèyí?" Ìwọ ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò rí bó ṣe bá tábìlì mi mu?"

Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Bí ẹni ń ra kọ́tìnì lo ṣe ra ẹ̀dá Ọlọ́run.

Ìwọ tún gbé ìmọ̀ kalẹ̀. O ní betta ni irú ẹja náà, pé kì í ṣe ẹja lásán, pé ó lè yọ ẹnu sókè kí ó mí afẹ́fẹ́ bíi tèmi tìrẹ, nítorí náà omi díẹ̀ tó o. Apá kan òótọ́ ni. Ó ní ẹ̀yà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjàgbọ̀n rẹ̀ tó ń bá a gba afẹ́fẹ́ láti òkè omi. Àrọ̀ náà ní ohun tó jọ bẹ́ẹ̀, òun ló fi ń pẹ́ nínú ọpọ́n ẹlẹ́ja kí ẹ̀mí tó bọ́ lára rẹ̀. Ṣé àrọ̀ wá sọ fún ọ pé òun fẹ́ràn ọpọ́n ni? Mímí tó ń mí kò ní kí ó má gbẹ́gbin, kò sì ní kí ó má nílò ibi tí yóò gbà rìn. Ní Thailand tí wọ́n ti kó ìran rẹ̀ wá, inú oko ìrẹsì àti ẹrẹ̀ odò ló ń gbé. Omi ibẹ̀ kò jìn, ṣùgbọ́n ó tẹ́ lọ súà. Àwọn ará ibẹ̀ ń pè é ní pla kat, ìyẹn ẹja tó ń géni jẹ, torí akọ méjì kì í gbé inú omi kan láìjà. Láti 2019 ni ìjọba wọn ti fi í ṣe ẹranko omi orílẹ̀-èdè wọn. Ọmọ ọba ni ìwọ gbé sínú igbá ògì.

Òun náà sì fi hàn ọ́ ní òru ọjọ́ náà. Ìwọ lo jí mi pẹ̀lú ariwo tí mi ò gbọ́ rí láti ọjọ́ tí èsì WAEC rẹ jáde. A dé ibẹ̀, àwo ṣófo. Ọmọ ọba ti fò jáde, ó nà gbalaja sórí kíbọ́ọ̀dù, ó sì ti tẹ lẹ́tà g tó tó ojú ìwé kan sínú ìwé owó tí o fẹ́ fi ránṣẹ́ sí oníbàárà. Mo fi ọwọ́ tútù gbé e padà. Ìwọ dúró, o ń nu kọ̀ǹpútà. Láti òru yẹn ni mo ti mọ ẹni tí mo máa gbèjà rẹ̀.

Wọ́n ní tútù ni wọ́n ti ń ká ẹja. Ìwọ náà ṣì tútù, jẹ́ kí n ká ọ.

Gbé igbá náà fún Màmá. Ní kí oníṣẹ́ dígí gé àpótí kan fún ọ tó jẹ́ 30 sẹ̀ǹtímítà ní gígùn, ní ìbú àti ní gíga. Lítà 27 ni yóò gbà bó bá kún dé ẹnu. Bí o bá fi díẹ̀ sílẹ̀ lókè, ó lé ní lítà 20, ibi tí betta kan lè máa yan fanda nìyẹn. Ó ṣì lè dúró lórí tábìlì, ṣùgbọ́n kì í ṣe tábìlì tìrẹ yẹn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń mì: lítà omi kan, kílò kan ni, dígí àti iyanrìn kò tíì sí níbẹ̀. Má gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Oòrùn Minna á sè é lọ́sàn-án, omi á sì di ọbẹ̀ ewédú láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Kí o sì bo orí rẹ̀. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tí o pa tì sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tó, bí a bá fi igi pẹlẹbẹ mẹ́rin há a mọ́ra. Afẹ́fẹ́ á wọlé, ẹja ò ní jáde.

Ibi tí ó ti máa le fún ọ rèé, ìwọ tí o kì í lè dúró kí ìrẹsì jinná. Má gbé ẹja wọ ilé titun lọ́jọ́ tí o bá bomi sí i. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ ẹja a máa di májèlé nínú omi, amóníà ni wọ́n ń pè é. Àwọn kòkòrò tíntìntín tí ojú kò rí ló ń jẹ ẹ́, wọ́n á sọ ọ́ di májèlé mìíràn, àwọn ẹgbẹ́ wọn á tún sọ ìyẹn di ohun tí kò fi bẹ́ẹ̀ pa ẹja lára. Ní sùúrù títí wọn ó fi pọ̀ tó. Bí oṣù kan sí oṣù kan àbọ̀ ni. Máa fọ́n oúnjẹ ẹja bíńtín sínú omi tí kò ní ẹja, kí wọ́n rí nǹkan jẹ. Àwọn ará àdúgbò á ní Mai Kifi ti ya wèrè, ó ń bọ́ omi. Jẹ́ kí wọ́n wí.

Ara fóòmù tí a fi ń sẹ́ omi àti ara iyanrìn ni àwọn kòkòrò yẹn ń gbé. Nítorí náà, bí fóòmù bá dọ̀tí, inú omi tí o bù jáde láti inú dígí ni kí o ti fún un, má gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ omi. Pọ́ǹpù kékeré tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ wọ inú fóòmù ti tó, ṣùgbọ́n ra èyí tó ń lo bátìrì pẹ̀lú. Mo mọ̀ pé Power State ni wọ́n kọ sára nọ́ńbà ọkọ̀ ìpínlẹ̀ yín. Ìsédò amúnáwá Kainji wà níbẹ̀ láti 1968, Jẹ́bà wà níbẹ̀, Shiroro wà níbẹ̀, Zungeru tún dé. Nínú ọjọ́ mẹ́rin tí mo lò lọ́dọ̀ rẹ, abẹ̀bẹ̀ ni mo fi sùn.

Ti omi, bó bá jẹ́ ti ẹ̀rọ ìjọba, bù ú sínú garawa kí ó ṣí sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí kíló­rínì rẹ̀ fò lọ. Bó bá jẹ́ ti mẹ́ruwà, béèrè ibi tó ti fà á. Ìdá mẹ́rin kan ni kí o máa pààrọ̀ lọ́sẹ̀, kí garawa yẹn má sì mọ ọṣẹ láéláé.

Ó wá ku ẹwà, torí mo mọ̀ pé òun ló ká ọ lára. Ìwọ ayàwòrán-ilé, báwo ni ojú rẹ ṣe gba ilé ìṣọ́ oníke? Òdòdó oníke yẹn a máa ya ìrù ẹja. Kó gbogbo rẹ̀ dànù. Wá iyanrìn odò, fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ á fi mọ́ gaara. Minna jókòó sáàrin àpáta. He òkúta dúdú kan tó ní ìrísí, kí ó tóbi, má gbé e sáàrin gbùngbùn, gbé e fì sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ojú lè rí ọ̀nà gbà. Lẹ páálí dúdú mọ́ ẹ̀yìn dígí. Pupa ẹja yẹn á tàn bí iná.

Lẹ́yìn náà, wá ewé anubias. Àwọn tó ń sin ẹja kárí ayé fẹ́ràn rẹ̀ fún irú dígí kékeré báyìí. Ó le, ó dúdú, kò béèrè ìmọ́lẹ̀ púpọ̀, ẹja a sì máa fẹ̀yìn tì í sùn. Má rì í mọ́lẹ̀, ìtàkùn rẹ̀ á jẹrà. Fi òwú so ó mọ́ òkúta. Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wa níbí ni ilé rẹ̀. Èyí tó gbajúmọ̀ jù ń jẹ́ Anubias barteri, orúkọ Charles Barter ni wọ́n fi sọ ọ́, onímọ̀ ewéko tó wà nínú ikọ̀ ìrìnàjò Baikie tó wọ odò Ọya ní 1857. Ọkọ̀ wọn, Dayspring, fọ́ mọ́ àpáta nítòsí Jẹ́bà nínú oṣù kẹwàá ọdún náà. Àjàyí Crowther wà nínú ìrìnàjò yẹn, Glover tó ṣe olórí ìjọba Èkó lẹ́yìn náà wà níbẹ̀. Barter kò padà sílé mọ́. Rabba ló kú sí ní 1859, ní agbègbè Mokwa, nínú ìpínlẹ̀ Niger tí o ń gbé yìí. Ojú ọ̀nà tí mọ́tò mi gbà wá kò jìnnà sí ibẹ̀. Ewé tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè wà nínú dígí àwọn ará Jámánì. Ìwọ ra òdòdó oníke.

Nǹkan tó kù wà ní àyíká rẹ lọ́fẹ̀ẹ́. Òjúoró mẹ́ta lórí omi, kí ẹja rí ibòji. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ó bo gbogbo ojú omi, kí ọmọ ọba rí ibi yọ ẹnu. Fọ gbòǹgbò rẹ̀ dáadáa, ìgbín kékeré a máa sá pamọ́ síbẹ̀, má sì torí ẹwà tábìlì ki ẹsẹ̀ bọ odò kí àtọ̀sí ajá má bá ọ wálé. Ewé furúùtù gbígbẹ ńkọ́? Èyí tí o ń gbá jọ láràárọ̀ tí o ń sun ún! Ní òkè òkun, wọ́n ń fi owó rà á ní ìdì fún betta. Ju ẹyọ kan sínú omi, á pọ́n díẹ̀ bíi tíì, ara á sì tu ẹja, torí ó jọ omi ilé bàbá rẹ̀.

Ti oúnjẹ, mo rí ọ. Mo rí ọ tí o ń já masa wẹ́wẹ́ sínú igbá yẹn. Masa! Ẹran ni ẹja yìí ń jẹ. Tanwíjí ni àsè rẹ̀. Gbé ike omi kan sẹ́yìn ilé, bù wọ́n lójoojúmọ́ kí wọ́n má baà hu ìyẹ́, kí o má di ẹni tó ń sin ẹ̀fọn fún gbogbo Fadikpe. Ikùn rẹ̀ kò ju ẹyinjú rẹ̀ lọ. Díẹ̀ láàárọ̀, díẹ̀ nírọ̀lẹ́.

Ẹja náà fẹ́ kí omi òun wà láàrin 25 sí 28 lórí òṣùwọ̀n Celsius, nítorí náà, tí ọyẹ́ bá dé ní Ọ̀pẹ, fi aṣọ wé dígí lóru. O ní súwẹ́tà mẹ́ta, yá a ní ọ̀kan.

Ohun kan ṣì ń pa mí lẹ́rìn-ín. Àwọn ará Yúróòpù tó ń sin ẹja nínú dígí kékeré ní ẹja wa lọ́dọ̀ wọn. Ọ̀kan wà, gardneri, tí ẹ̀yà rẹ̀ kan ń jẹ́ Akure torí Àkúrẹ́ ni wọ́n ti mú un. Aláràbarà ni, kò sì tóbi ju betta lọ. Òmíràn tí wọ́n ń pè ní kribensis, gúúsù Nàìjíríà ni ilé rẹ̀. Òyìnbó kan jókòó ní Berlin báyìí, ó ń wo ọmọ Àkúrẹ́ lórí tábìlì rẹ̀. Ìwọ jókòó ní Fadikpe, ò ń wo ọmọ Thailand. Mi ò ní kí o lé e. Àlejò ni, ó ti dé ná.

Mo ti fi ẹrù rán awakọ̀ tó ń bọ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀. Lọ gbà á ní Kpakungu kí oòrùn tó wọ̀. Wàrà ló wà nínú ike, ewé furúùtù méjìlá ló wà nínú ọ̀rá dúdú, mo ti fọ̀ wọ́n, mo sì ti sá wọn. Wàrà ni tìrẹ, ewé ni tiẹ̀. Jọ̀wọ́, má fún un ní wàrà.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ,
Ìlọrin.