Ìjọba, Ẹ Wá Kọ́ṣẹ́ Télọ̀ n'Íkọ̀tún

Bí ẹ bá gbé áńkárá lọ bá ìyá télọ̀ n'Íkọ̀tún l'Ékòó, kò ní fi sísọ́ọ̀sì kàn án kó tó fi téèpù wọn àyà yín. Tó bá rán an dé ìdajì, á ní kí ẹ wá wọ̀ ọ́ wò. Bó bá fún yín níkùn, á tú u. Aṣọ ni mo wí o, ikùn yín kò ṣeé tú.

Ní February 2001, ọkùnrin 17 tó ń kọ software péjọ sórí òkè oníyìnyín ní Utah, l'Ámẹ́ríkà. Wọ́n jíròrò títí, wọ́n fẹnu kò: ká máa ṣe é díẹ̀díẹ̀, kí ẹni tó máa lò ó máa yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n pè é ní Agile. Ká ní wọ́n wọ dánfó láti Ẹ̀gbẹ́dá lọ s'Íkọ̀tún ni, òtútù ì bá má pa wọ́n.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọ̀gá wa l'Ábùjá, ẹ̀yin kì í wọn ènìyàn! Ẹ ó gbé tẹ́ńdà software jáde, ẹ ó fọwọ́ sí kọ́ńtíráàtì, ẹ ó ya fọ́tò. Ẹni tó máa lò ó ṣì wà nílé, kò tíì gbọ́.

Ẹ wo IPPIS, ẹ̀rọ owó-oṣù tí ìjọba àpapọ̀ gbé dé ní 2007. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí àwọn olùkọ́ yunifásítì náà kó sínú ẹ̀. Ẹ̀rọ ò mọ sabbatical! Ọ̀jọ̀gbọ́n tó gba ọdún kan lọ kọ́ni ní yunifásítì mìíràn, iwin ni lójú IPPIS.

ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, bínú, wọ́n rán tiwọn, UTAS. Háà! Ìgbà yẹn ni ìjọba wá rántí pé wọ́n máa ń wọ nǹkan wò. Ní March 2022, NITDA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìmọ̀ ẹ̀rọ, kéde pé UTAS fìdí rẹmi nínú ìdánwò mẹ́ta. Ọ̀kan nínú wọn ni èyí tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ẹni tó máa lò ó tẹ́wọ́ gbà á. Tèmi ò ju kí n rẹ́rìn-ín. ASUU ní irọ́ ni, ó yege. Ẹ̀yin òbí Ìgàndó, ọmọ yín ti wà nílé láti February tí ASUU yanṣẹ́ lódì, ó ń fi gààrí yín ka wákàtí títí di October. (Kì í ṣe ẹ̀rọ nìkan ló fa ìyanṣẹ́lódì náà o, àmọ́ ó wà níbẹ̀.)

December 2023, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ ní kí yunifásítì jáde nínú IPPIS. Wọ́n tún kó wọn sórí ẹ̀rọ ìjọba mìíràn, GIFMIS. Nígbà tó máa fi di 2025, àwọn olùkọ́ ti ń pariwo pé owó-oṣù ń pẹ́. Ẹ̀yin òbí Ìgàndó, ẹ tètè ra gààrí pamọ́.