Ẹ Má Bo Igi Mi O

Owó káfíńtà ni mo ń ṣọ́ tí mo fi sọ ara mi di káfíńtà. Yàrá òkè àjà wa ní Peckham dùn ún wò: àjà rẹ̀ dà gẹ̀rẹ́, igi òrùlé ayé Ọbabìnrin Victoria sì hàn gbangba. Àmọ́ tí ìgbà òtútù bá dé, ẹni tó sùn níbẹ̀ kò yàtọ̀ sí ẹni tó sùn síta. Ìyàwó mi ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ wá nǹkan ṣe sí òtútù yìí, ṣùgbọ́n ẹ má bo igi mi o."

Mo ra òwú gíláàsì, mo wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, mo ń ki òwú bọ àárín igi. Kó tó dọ̀sán, mo ti ń fi ẹ̀yìn ha ògiri lójú àwọn ọmọ. Òwú náà sì wú títí ó fi gbé igi tí wọ́n ní n má bò mì.

Mo yọ ọ́, mo ra pátákó fóòmù, èyí tó tín-ín-rín àmọ́ tó ń dá òtútù dúró ju òwú lọ. Mo wọn àlàfo kan ṣoṣo, mo fi gé gbogbo rẹ̀. Àṣé àlàfo ilé àtijọ́ kì í dọ́gba! Òmíràn kò wọlé. Òmíràn wọlé tán, ó já lé mi lórí. Kí igi lè yọ síta dáadáa, mo tì wọ́n wọnú títí wọ́n fi kan abẹ́ òrùlé.

Nígbà tí òtútù mú, omi ń kán sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo pe àbúrò kan tó ń kan òrùlé. Ó fọwọ́ kan igi, ó bú sẹ́rìn-ín: "Ẹ̀gbọ́n, òjò kọ́. Èémí yín ni, àti ọbẹ̀ ìyàwó yín."

Ooru omi inú ilé ló ń gba ẹ̀gbẹ́ fóòmù kọjá, tó bá kan ibi tútù, á di omi, bíi ti abẹ́ ọmọrí ìkòkò. Ó ní ó yẹ kí n fi àlàfo 50 mìlímítà sílẹ̀ lẹ́yìn fóòmù kí atẹ́gùn lè kọjá, kí n sì fi ọ̀rá àti téèpù dí ojú tó kọ sí yàrá. Ọ̀rá? Mo ti fi bo kápẹ́ẹ̀tì!

Igi mi jìn ní 100 mìlímítà. Tí atẹ́gùn bá ti gba 50, ìyókù ni fóòmù àti ẹwà igi máa pín. Ẹni tó bá fẹ́ kí gbogbo igi hàn, kó dúró dìgbà tó máa tún òrùlé kàn, kí wọ́n tẹ́ fóòmù sórí igi láti ìta. Kó sì sanwó fún káfíńtà.