Ẹ Rà Á, Ẹ Má Bẹ̀rù

Ẹ bá mi kí àwọn atúpalẹ̀ ṣíà Wall Street o! Báńkì wọn ń gbowó lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ ta ṣíà, àwọn náà ti ń gba bọ́nọ́sì níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n wá ń sọ fún aráàlú bóyá ṣíà náà dára. Alárenà tí ilé ọkọ ń bọ́, ṣé yóò sọ pé ọkọ ń mutí ni?

Ẹ wo Henry Blodget ní Merrill Lynch. Máàkì márùn-ún ni wọ́n ń lò nígbà náà: 1 ni kí ẹ rà á, 5 ni kí ẹ tà á. Láti 1999 títí wọ 2001, ẹ̀ka íńtánẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ ọ̀gá fún kò fún ṣíà kankan ní 4, áńbọ̀sìbọ́sí 5. Èyí tó ń ṣàìsàn, ẹ rà á. Èyí tó ń kú lọ, ẹ máa kó o jọ díẹ̀díẹ̀! Àmọ́ nínú ímeèlì tó kọ ní 2000, pàǹtírí ni ọ̀gá yìí pe InfoSpace tí wọ́n ń polówó.

Ti Jack Grubman ní Salomon Smith Barney ló tiẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ní 1999, ó ń wá àyè ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi fún ìbejì rẹ̀ ní 92nd Street Y. Ó kọ̀wé sí ọ̀gá rẹ̀, Sandy Weill, tó wà nínú ìgbìmọ̀ olùdarí ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù AT&T; AT&T àti ilé-ẹ̀kọ́ ló jọ wà nínú àkọlé ìwé náà. Oṣù tó kọ ìwé náà gan-an ló gbé máàkì AT&T sókè. Citigroup tí Weill ń darí, tó ni Salomon Smith Barney nígbà náà, ṣèlérí mílíọ̀nù kan dọ́là fún 92nd Street Y, àwọn ọmọ sì wọlé. Àwa, ẹ̀wà là ń sè fún ìbejì! Nígbà tí ímeèlì rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà tú síta, Grubman ní òun kàn ń fọ́nnu ni.

Eliot Spitzer, agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ New York nígbà náà, àti àwọn alámòójútó ọjà ṣíà gbá wọn mú. Ní oṣù kẹrin 2003, báńkì mẹ́wàá gbà láti san nǹkan bíi bílíọ̀nù 1.4 dọ́là. Blodget san mílíọ̀nù 4, Grubman san 15, wọ́n sì lé àwọn méjèèjì kúrò nídìí iṣẹ́ náà títí ayé. Wọn kò gbà pé àwọn jẹ̀bi, wọn kò sì sọ pé àwọn ò jẹ̀bi. Òfin ọdún yẹn wá ní kí atúpalẹ̀ máa fọwọ́ síwèé pé èrò ọkàn òun lòun kọ. Àgbà tó wọ kóòtù, tó so táì, ló ń fọwọ́ síwèé pé òun ò purọ́, ẹ gbà mí!

Ẹ̀yin tó ń ra ṣíà, lẹ́tà wẹ́wẹ́ tó wà lẹ́yìn ìwé wọn ni kí ẹ kọ́kọ́ kà. Ibẹ̀ ni òfin ti ní kí wọ́n jẹ́wọ́ bóyá báńkì wọn ń gbowó lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ń yìn.